Kí Oòrùn Tó Gun Àtàrí: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Lọ sí Chennai

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Kapaleeshwarar ní àdúgbò Mylapore, nílùú Chennai. Wọ́n ti tì í. Mo ti bọ́ bàtà, nítorí mi ò rí ẹni kankan tó wọ bàtà níbẹ̀, òkúta ilẹ̀ sì ti gbóná bí ìdí agbada àkàrà. Ńṣe ni mò ń gbé ẹsẹ̀ kan sọ kan. Ìyá arúgbó kan tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí oòrùn, wọ́n sì na ìka mẹ́rin sí mi. Aago mẹ́rin ni kí n padà wá.

Ìka mẹ́rin yẹn ló kọ́ mi ní Chennai. Ọjọ́ kan níbẹ̀, ọjọ́ méjì ni. Àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí, ó sì parí nígbà tí oòrùn bá gun àtàrí. Èkejì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó di alẹ́ pátápátá. Láàárín méjèèjì, abẹ́ òrùlé ni kí ènìyàn wà. Àlejò tó bá sùn di aago mẹ́sàn-án, tó wá ń rìn kiri lọ́sàn-án gangan, yóò padà délé sọ pé Chennai gbóná, ariwo pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ohun tí èèyàn ń wò. Ó gbóná lóòótọ́.

Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ ni mo lò níbẹ̀ pẹ̀lú màmá mi, tí wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Ní gbogbo ọjọ́ tí dókítà kò bá pè wá, ìlú ni mò ń wò. Ohun tí mo kọ síhìn-ín, ohun tí mo fẹsẹ̀ rìn ni.

Ẹ yan oṣù kí ẹ tó yan ọkọ̀ òfuurufú

Chennai ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní etíkun gúúsù Íńdíà tó kọjú sí ìlà-oòrùn. Madras ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí títí di 1996 tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà yí orúkọ rẹ̀ padà. Àwọn àgbà ibẹ̀ míì ṣì ń pè é ní Madras. Ooru rẹ̀ jọ ti Èkó, àmọ́ láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, ó ju ti Èkó lọ fíìfíì. Òjò wọn kò sì bá tiwa rìn. Oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ni òjò ńlá wọn ń rọ̀. Ní oṣù kejìlá 2015, omi bo ìlú náà débi pé wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú pa fún ọjọ́ mélòó kan. Ìjì Michaung tún fa omíyalé ní oṣù kejìlá 2023. Oṣù kìíní àti oṣù kejì ni mo fọwọ́ sí.

Bí ẹ bá fẹ́ràn orin, ẹ lè fi ara da òjò tó ṣẹ́kù, kí ẹ lọ ní àárín oṣù kejìlá. Ìgbà yẹn ni àjọ̀dún orin Carnatic, orin àbáláyé gúúsù Íńdíà, ń lọ lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn káàkiri ìlú, ó sì máa ń wọ oṣù kìíní. Ọ̀pọ̀ eré ọ̀sán ni wọn kì í gba owó ìwọlé. Oúnjẹ tí wọ́n ń tà nínú ọgbà gbọ̀ngàn náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń wá jẹun tí wọn kò ní gbọ́ orin kankan. Pongal, ọdún ìkórè wọn, máa ń bọ́ sí àárín oṣù kìíní. Bí ẹ ò bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè sílẹ̀, ẹ má ronú àtirìn lọ́sẹ̀ yẹn, torí ará ìlú ń lọ sílé bí àwa ṣe ń lọ sílé ọdún.

Ìwé, abẹ́rẹ́ àti owó

Ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Íńdíà ni kí ẹ ti béèrè físà, kì í ṣe lẹ́nu àwọn tó ń pe ara wọn ní ajẹ́ńtì. Físà ìgbafẹ́ yàtọ̀ sí físà ìtọ́jú. Ẹni tó ń lọ gba ìtọ́jú gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà láti ilé ìwòsàn tó fẹ́ lọ, ẹni méjì péré ni wọ́n sì ń fún ní físà láti tẹ̀ lé e. Ẹ má fi físà ìgbafẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ; wàhálà rẹ̀ kì í hàn àfi nígbà tí ẹ bá ti dé ọ̀hún.

Ohun tó ń dá àwọn ará wa dúró jù ni yellow card. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ibà pọ́njúpọ́njú wà, Íńdíà kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 lára yín kí ẹ tó dé. Ẹni tí kò bá ní káàdì, wọ́n lè dá a dúró sí àyè ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ 6. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ní tòótọ́, ẹ má ra káàdì lásán.

Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó ń ti Èkó lọ tààrà sí Chennai. Addis Ababa, Doha tàbí Dubai lẹ ó gbà. Aago wọn fi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ṣáájú ti Nàìjíríà. Ààbọ̀ yẹn ló ń da orí àwọn ará ilé rú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pè yín.

Ẹ kó dọ́là lọ. Náírà kò wúlò níbẹ̀, wọn kò sì gba àlejò láyè láti kó rúpì wọ ìlú wọn. Ẹ ṣẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ní pápákọ̀, kí ẹ ṣẹ́ ìyókù nínú ìlú. Ẹ máa rí i pé fóònù ni gbogbo èèyàn fi ń sanwó, títí kan ẹni tó ń ta àgbọn lẹ́bàá ọ̀nà. Àlejò kì í tètè rí ti fóònù yẹn ṣe, nítorí náà ẹ máa ní owó kékeré lápò nígbà gbogbo. Ẹ mú ohun tí ẹ ó fi ki páláàgì dání, torí ẹnu róbótó ni sókẹ́ẹ̀tì tiwọn, tiwa oníhò mẹ́ta gbígbòòrò kì í wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá balẹ̀

Kí ẹ tó wá ilé tí ẹ ó sùn sí, ẹ mọ èyí: ní Tamil Nadu, ibi tí wọ́n bá kọ hotel sí, ilé oúnjẹ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Lodge ni ibi ìsùn. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo fa àpótí wọ hotel kan, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ sì tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú mi.

Kì í ṣe gbogbo lodge ló ń gba àlejò ilẹ̀ òkèèrè. Òfin ní kí wọ́n fi orúkọ àlejò ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín wákàtí 24 lórí ìwé tí wọ́n ń pè ní Form C, àwọn lodge kéékèèké kì í sì í fẹ́ ìyọnu yẹn. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ béèrè lọ́rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé ẹ ń ṣe Form C? Triplicane ni ibi tí owó ilé ti rọjú, ó sì sún mọ́ òkun. Egmore dára fún ẹni tó fẹ́ wọ rélùwéè. Èmi ìbá yan Mylapore bí kì í bá ṣe ti ilé ìwòsàn, nítorí gbogbo ohun tó dára ní ìdájí wà níbẹ̀.

Láti pápákọ̀, ọkọ̀ ojú irin metro wà tó ń lọ tààrà sí àárín ìlú. Ó mọ́, ó tutù, kò sì sí ẹni tí ẹ ó bá ná owó. Ní ti káàdì fóònù, ẹ máa rí Airtel káàkiri. Íńdíà ni ilé rẹ̀. Wọn yóò béèrè ìwé ìrìnnà, físà àti fọ́tò, ó sì lè pé ọjọ́ kan kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ ya àwòrán àdírẹ́sì ibi ìsùn yín sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ Tamil mẹ́wàá

Tamil ni èdè wọn, kì í ṣe Hindi. Ẹ̀yin tí ẹ wo fíìmù Íńdíà dàgbà, ẹ fi namaste yín sílé. Àwọn ará Tamil Nadu ti bá ìjọba àpapọ̀ jà gidi lórí ọ̀rọ̀ èdè, pàápàá ní 1965, ẹni tó bá sì ń fi Hindi bá wọn sọ̀rọ̀ kì í rí ojú rere tó fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì yóò gbé yín dé ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú Tamil yóò ṣí ilẹ̀kùn tí Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣí.

Vanakkam ni kíkí. Nandri ni ẹ ṣé. Evlo? èló ni? Thanni ni omi. Podhum, ó tó, èyí tí ẹ ó nílò nídìí oúnjẹ. Kaaram ni ohun tó ta lẹ́nu.

Ìyókù, ọmọ Yorùbá ti mọ̀ ọ́n kó tó dé ibẹ̀. Wọn kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Awakọ̀, ọlọ́jà, ẹni tó ń gbá ilẹ̀, bí ó bá dàgbà jù yín lọ, anna ni ọkùnrin, akka ni obìnrin: ẹ̀gbọ́n ni méjèèjì. Thambi ni àbúrò ọkùnrin. Amma ni ìyá, a sì ń pe ìyá oníyàá bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní ọ̀wọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣe bíi tiwa: vaa ni wọ́n ń sọ fún ọmọdé, vaanga ni wọ́n ń sọ fún àgbà, gẹ́gẹ́ bí wá àti ẹ wá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ pé “evlo, anna?” fún oníkẹ̀kẹ́ kan, ó yíjú padà wò mí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dín owó náà kù kí n tó bẹ̀ ẹ́.

Ẹ máa kíyè sí orí wọn pẹ̀lú. Wọ́n máa ń mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ìgbà tí ẹyẹ ń wo nǹkan. Ó dáa ni wọ́n ń sọ. Ó pé ọ̀sẹ̀ kan kí màmá mi tó gbà pé kì í ṣe pé wọ́n ń kọ̀ fún wọn.

Ìdájí: Mylapore

Aago márùn-ún àbọ̀ ni kí ẹ ti wà lójú pópó. Ẹ ó bá àwọn obìnrin níwájú ilé, tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun funfun ya kolam sí ẹnu ọ̀nà wọn, àwòrán onílà lílọ́ tí wọ́n máa ń fi ìka dà sílẹ̀ láìgbé ọwọ́ sókè. Ẹ yí i ká. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kó tó di alẹ́, ẹsẹ̀ èrò àti kòkòrò á ti jẹ ẹ́ tán, wọn á sì tún ya òmíràn lọ́la.

Ìlú ọ̀kín ni orúkọ Mylapore, nítorí mayil ni ọ̀kín ní èdè Tamil. Ìtàn wọn sọ pé Parvati, ìyàwó Shiva tó jẹ́ òrìṣà ńlá àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, gba àwọ̀ ọ̀kín níbẹ̀ láti fi sin ọkọ rẹ̀, tẹ́ńpìlì Kapaleeshwarar sì ni ojúbọ Shiva náà. Ilé gogoro tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ga tó mítà 37, ère aláràbarà ló sì bò ó láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ fi bàtà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ọ, kí ẹ gba nọ́ńbà. Ẹ bo èjìká àti orúnkún. Ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Híńdù lè rìn yí gbogbo àgbàlá ká, ṣùgbọ́n kò lè dé ibi mímọ́ tó wà nínú lọ́hùn-ún. Ẹ má bá wọn jiyàn lórí èyí. A ní igbó tí àwa náà kì í jẹ́ kí àlejò wọ̀.

Lójú ọ̀nà tó yí tẹ́ńpìlì ká, àwọn obìnrin ń ta òdòdó funfun olóòórùn dídùn tí wọ́n ti so pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Muzham ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: láti ìgúnpá dé ṣóńṣó ìka. Ìgbọ̀nwọ́ ni àwa ń pè é. Ẹ ra ọ̀kan, kódà bí ẹ ò bá ní irun tí ẹ ó so ó mọ́. Yàrá yín yóò ta sánsán di ọjọ́ kejì.

Kí oòrùn tó mú, ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì San Thome, kò jìnnà. Àwọn Kristẹni ibẹ̀ gbà pé Tọ́másì, àpọ́sítélì tó ní àfi kóun fi ìka kan àpá, ló mú Ìhìn Rere wá sí ilẹ̀ wọn, àti pé ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àwọn Potogí kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ láyé wọn. Èyí funfun onílé ìṣọ́ gíga tó wà níbẹ̀ báyìí, 1896 ni wọ́n parí rẹ̀. Ibojì náà wà nísàlẹ̀, ó dákẹ́, ó tutù. Màmá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà látọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn, jókòó síbẹ̀ ju wákàtí kan lọ.

Ọ̀sán: ẹ sá wọlé

Ibi tó dára jù láti sá oòrùn sí ni mùsíọ́mù ìjọba ní Egmore, tó ti wà láti 1851. Wọ́n máa ń tì í ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ fi sọ́kàn. Ilé tó gbòòrò ni, ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀. Bí agbára yín kò bá tó, ẹ fi ìyókù sílẹ̀, kí ẹ lọ sí iyàrá ère idẹ. Àwọn ère ìgbà ìjọba Chola, ìjọba àtijọ́ ilẹ̀ Tamil, wà níbẹ̀, èyí tó pẹ́ ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ lára wọn, àti Shiva tó ń jó láàárín òrùka iná. Ìda ni wọ́n fi mọ wọ́n: wọ́n á fi ìda mọ ère, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda dànù, wọ́n á wá da idẹ yíyọ́ sí ààyè rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ rí yóò mọ̀ pé ọgbọ́n kan náà ni. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ti Ifẹ̀ ṣófo nínú, ti Chola dì gbagidi. Ó wu mí kí ẹnìkan to méjèèjì sí iyàrá kan lọ́jọ́ kan.

Bí ẹ bá ṣì lè rìn, ẹ lọ wo Fort St. George, odi tí ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n gba ilẹ̀ náà ní 1639. Inú rẹ̀ ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wà, nítorí náà ọlọ́pàá yóò tú báàgì yín. Ẹ mú ìwé ìrìnnà dání. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Mary's tó wà nínú rẹ̀ ti wà láti 1680. Mo ní ìdí mìíràn tí mo fi lọ. Aṣọ jọ́ọ̀jì tí àwọn ìyá wa ń ró lóde ayẹyẹ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gbà pé orúkọ rẹ̀ ti wá: láti etíkun Madras ni aṣọ náà ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí etíkun tiwa, pa pọ̀ pẹ̀lú aṣọ onílà ìdábùú àti òòró tí àwọn ará Kalabari ń pè ní injiri. Kò sí àkọlé kankan níbẹ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo dúró lábẹ́ ògiri yẹn, mo rántí àpótí aṣọ ìyá bàbá mi.

Bí ó bá ti rẹ̀ yín, ẹ lọ sùn. Ìyẹn náà wà lára ìtọ́sọ́nà.

Ìrọ̀lẹ́: Marina

Marina tiwọn kì í ṣe bíi ti Èkó tí wọ́n ti fi ilé gogoro dí. Yanrìn ni, ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi rìn pẹ́ kí ẹ tó dé omi, ó sì gùn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà. Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì kan, Grant Duff, ló fún un lórúkọ yẹn láàárín ọdún 1881 sí 1886. Ẹ lọ ní aago márùn-ún. Ẹ ó bá ìdílé pẹ̀lú ọmọ àti àgbà, àwọn tó ń ta fèrè, àwọn ẹlẹ́ṣin, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀. Omi náà ń fà láti ìsàlẹ̀, ó ń gbé èèyàn lọ lọ́dọọdún, ọlọ́pàá sì ń lé èèyàn kúrò. Òkun kan náà ló jáde wá ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá 2004, nígbà tí ìgbì tsunami gbá àwọn tó wá ṣeré láàárọ̀ lọ.

Ẹ jẹ sundal: ẹ̀wà sísè tí wọ́n pò mọ́ àgbọn rírẹ́ àti máńgòrò tútù, nínú ìwé tí wọ́n ká bí àrọ. Ẹ jẹ bajji, ata tútù ńlá tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà bò kí wọ́n tó dín in. Gbígbóná ni kí ẹ jẹ ẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, kí ẹ sì yẹra fún omi tí wọ́n bù sínú ike.

Oúnjẹ

Ẹ̀rù ń ba àwọn ará wa pé ebi yóò pa wọ́n ní Íńdíà. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Chennai. Ìrẹsì ni oúnjẹ wọn, ata wọn pọ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Ẹ má fi òsì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ta ni yóò kọ́ wa ní ìyẹn?

Ní àárọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú idli. Wọ́n á rẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní urad, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi sílẹ̀ mọ́jú kó kan díẹ̀, wọ́n á sì fi ooru omi sè é bíi mọ́ínmọ́ín. Funfun ni, ó rọ̀, kò ní adùn kan lọ́tọ̀. Sambar, ọbẹ̀ ẹ̀wà tó ní àjàgbọn nínú, ló ń fún un ládùn. Dosa ni ìyẹ̀fun kan náà tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ sórí irin gbígbóná. Vada wá ni ìbátan àkàrà tó ṣí lọ sílùú òkèèrè tó lu ihò sí àárín ara rẹ̀. Ọjọ́ tí màmá mi kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, wọ́n ní, “Wọn ò bó ẹ̀wà yìí dáadáa,” wọ́n sì jẹ mẹ́rin. Ratna Cafe ní Triplicane ni ẹ ó ti rí idli tí wọ́n rì sínú sambar títí ẹ kò fi ní rí funfun rẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ meals sí. Wọ́n á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún yín, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fọwọ́ nù ún. Ìrẹsì á wá, ẹ̀fọ́ oríṣiríṣi á wá, lẹ́yìn náà sambar, rasam tó jẹ́ omi ata àti àjàgbọn, àti wàrà kíkan tí ẹ ó fi parí rẹ̀. Wọ́n á máa bù ú kún un títí ẹ ó fi sọ pé podhum, kí ẹ sì tẹ́ ọwọ́ lé ewé, torí wọn kì í gba ẹnu nìkan gbọ́. Bí ẹ bá yó, ẹ ká ewé náà láti òkè wá sọ́dọ̀ ara yín. Ẹni tó bá fẹ́ ẹran, kó wá hotel tí wọ́n kọ non-veg sí. Ọbẹ̀ adìyẹ Chettinad yóò mú yín rántí ilé, ata náà yóò sì mú yín gbàgbé rẹ̀.

Kọfí wọn kò ní ẹlẹgbẹ́. Wọ́n ń po ó pẹ̀lú wàrà gbígbóná, wọ́n á gbé e fún yín nínú kọ́ọ̀pù irin kékeré tó dúró sínú abọ́ irin. Ẹ dà á láti inú kan sínú èkejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tutù. Ẹ má di kọ́ọ̀pù náà mú ní ìsàlẹ̀. Mo ṣe é.

Omi inú ike tí wọ́n dí lẹ́nu nìkan ni kí ẹ máa mu.

Bí ẹ ó ṣe máa rìn nínú ìlú

Kẹ̀kẹ́ Marúwá ni ọkọ̀ ìgboro níbẹ̀, auto ni wọ́n ń pè é. Íńdíà la ti ń kó tiwa wá. Ilé iṣẹ́ TVS tí ẹ ń rí orúkọ rẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ ní Nàìjíríà, Chennai ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Mítà wà nínú rẹ̀, awakọ̀ kì í tàn án. Ní 2013 ni ìjọba ti fi iye lé e, rúpì 25 fún kìlómítà 1.8 àkọ́kọ́, rúpì 12 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, epo sì ti wọ́n ju ti ìgbà náà lọ, nítorí náà ẹ má fi dá wọn lẹ́bi jù. Ẹ fi Ola, Uber, Rapido tàbí Namma Yatri pè é lórí fóònù kí ẹ lè mọ iye tó yẹ, kódà bí ẹ bá fẹ́ ná an lójú pópó. Mo san ìlọ́po mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbà á.

Rélùwéè ìgboro kò wọ́n rárá, àwọn obìnrin sì ní kọ́ọ̀ṣì tiwọn. Ẹ yẹra fún un láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀.

T. Nagar, fún ẹni tó ń ra aṣọ

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó tó gbáko ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àdúgbò ọjà yìí. Sílíìkì Kanchipuram ni olórí ohun tí wọ́n ń wá lọ, aṣọ tí wọ́n ń hun ní ìlú Kanchipuram tó tó kìlómítà 70 sí Chennai. Ilé ìtajà Nalli ti wà níbẹ̀ láti 1928. Sari kan tó nǹkan bí ọ̀pá mẹ́fà, tó ìró àti ìborùn, bí ọkàn yín bá gbà kí ẹ gé e. Ẹ béèrè àmì Silk Mark kí ẹ tó sanwó. Nínú ilé ìtajà ńlá, iye tí wọ́n kọ ni ẹ ó san. Lójú òpópónà Ranganathan, ẹ ná ọjà bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n ná, kí ẹ di báàgì mú síwájú, torí ibẹ̀ há ju Balógun lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Deepavali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ẹ má débẹ̀ rárá.

Mahabalipuram

Bí ọjọ́ kan bá kù, ibí ni kí ẹ lò ó sí. Ó tó kìlómítà 55 sí gúúsù, lọ́nà etíkun. Ẹ háyà mọ́tò, kí ẹ kúrò nílé ní aago márùn-ún, torí aago mẹ́fà ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, oòrùn ibẹ̀ kò sì ní ìbòòji. Àwọn ọba Pallava ló gbẹ́ àwọn òkúta náà ní bíi ẹgbẹ̀rún ọdún àti ọ̀ọ́dúnrún sẹ́yìn: tẹ́ńpìlì etí òkun, ilé márùn-ún tó jẹ́ pé àpáta ni wọ́n gbẹ́ odindi kálukú wọn, ògiri àpáta kan tí erin, èèyàn àti òrìṣà kún. UNESCO fi orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1984. Nígbà tí omi òkun fà sẹ́yìn kí tsunami 2004 tó dé, àwọn apẹja rí òkúta gbígbẹ́ tó ti wà lábẹ́ omi. Owó ìwọlé àlejò ju ti ọmọ ilẹ̀ lọ, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Lójú ọ̀nà ìpadà, bí kì í bá ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ yà sí DakshinaChitra, níbi tí wọ́n ti tú ilé àtijọ́ láti ìpínlẹ̀ gúúsù wá tún kọ́.

Bí ẹ bá bá aláìsàn lọ

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ìdí yìí ni wọ́n fi mọ Chennai. Láti ìgbà tí ilé ìwòsàn Apollo ti bẹ̀rẹ̀ ní Greams Road ní 1983 ni orúkọ ìlú náà ti ń kàn fún ìtọ́jú. Ẹ mú gbogbo ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ dání, pẹ̀lú àwòrán X-ray. Ẹ gba iye owó lórí ìwé kí ẹ tó gbà fún iṣẹ́ abẹ, kí ẹ béèrè ohun tí kò sí nínú iye yẹn, torí oògùn àti àyẹ̀wò àìròtẹ́lẹ̀ ló ń tú àpò. Ẹ gba yàrá tó ní ilé ìdáná nítòsí ilé ìwòsàn; ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lórí ibùsùn, ẹ̀kọ ló fẹ́, kì í ṣe sambar. Ẹ kó ògì gbígbẹ lọ. Wọ́n á wò yín lójú pópó, àwọn ọmọdé á ní kí ẹ jẹ́ káwọn ya fọ́tò pẹ̀lú yín, àwọn onílé kan á sì sọ pé yàrá ti tán nígbà tí kò tí ì tán. Vanakkam, amma ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kọjá fún wa.

Ọjọ́ ìpadà, ẹ ra kọfí lílọ̀ ní Mylapore, kí wọ́n lọ̀ ọ́ níṣojú yín. Ẹ ṣẹ́ rúpì tó kù kí ẹ tó kúrò nínú ìlú. Ní pápákọ̀, ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láìfi tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìrìnnà hàn, nítorí náà ìta ni ẹ ó ti dágbére fún ẹni tó bá sìn yín. Awakọ̀ tó ń gbé wa káàkiri dúró títí a fi wọlé. Màmá mi yíjú padà, wọ́n pè é ní thambi, ó sì mi orí sọ́tùn-ún sósì.